Ínṣì 2 ni àbí ínṣì 4? Gbígbé 4Runner sókè fún ọ̀nà oko ní Òṣogbo

Oníbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. 4Runner 2004 ni mò ń lò, tókunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì V6. Òkè-Fia ni mò ń gbé, àmọ́ oko kòkó tí bàbá wa fi sílẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn Ìbòkun. Bí òjò bá ti gba ọ̀nà yẹn, ipa táyà akẹ́rù á jìn, àárín ọ̀nà á ga, abẹ́ ọkọ̀ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀. Mo fẹ́ gbé e sókè ní ínṣì 4. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra kíìtì pípé, ìyẹn sípíríǹgì gíga àti ṣọ́ọ̀kì lápapọ̀. Wẹ́dà àdúgbò ní òun á gé irin fún mi, òun á fi í sórí ṣọ́ọ̀kì. Mẹkáníìkì mi ní rọ́bà ni ká kì sáàárín sípíríǹgì, ọ̀rọ̀ parí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra Hilux.

* * *

Kò sẹ́ni tó máa ní kó o ra Hilux, àbúrò, fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n kó o tó náwó, wọ abẹ́ ọkọ̀ yẹn lọ wo nǹkan méjì.

Èkíní, ṣé fọ́ọ̀-wíìlì ni? Má rẹ́rìn-ín. 4Runner tókunbọ̀ tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló ń fà wà káàkiri Òṣogbo, orúkọ kan náà, ìrísí kan náà. Bó ò bá rí ṣáàfù tó wọ inú ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, tó ò sì rí ibi tí wọ́n ń yí sí 4L (jíà agbára fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) nínú ọkọ̀, bó o fi ínṣì 10 gbé e, ẹrẹ̀ Ìbòkun á mú un náà ni. Kìkì pé àwọn èèyàn á tètè rí i lókèèrè.

Èkejì, kí ló ń ha ilẹ̀ gan-an? Gbogbo àwọn tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn ti fo ìbéèrè yìí. Ní ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ, irin gbọọrọ kan ló so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì, dífáréńṣà wá yọ láàárín rẹ̀ bí ikùn aboyún. Orí táyà ni irin yẹn jókòó lé, orí irin ni sípíríǹgì jókòó lé. Kíìtì tó o bá rà, láti sípíríǹgì lọ sókè ló máa gbé. Dífáréńṣà ò ní kúrò níbi tó wà, ì báà jẹ́ ínṣì 6 lo rà. Bó bá jẹ́ òun ló ń túlẹ̀ láàárín ipa akẹ́rù, táyà nìkan ló lè gbé e.

Táyà tó bá irú ọkọ̀ rẹ jáde nílé iṣẹ́, 265/70R16 ni tàbí 265/65R17. Láti ilẹ̀ dé orí wọn, méjèèjì ń lọ sí mílímítà 777. Bó o bá gbé 265/75R16 tàbí 265/70R17 wọ̀ ọ́, ó di bíi 804. Ìdajì ìyàtọ̀ yẹn ló máa bọ́ sábẹ́ dífáréńṣà, ìyẹn mílímítà 13, ìdajì ínṣì. Ó kéré létí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ínṣì yẹn, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, níbi tí kò sí kíìtì kankan tó lè dé.

* * *

Ọ̀rọ̀ rọ́bà. Òun ló wọ́pọ̀ jù nílùú wa, ó sì yé mi ìdí. Owó rẹ̀ kéré, láàárín wákàtí kan wọ́n ti ki í tán, ọkọ̀ á dìde lójú ẹsẹ̀. Fún Camry tó ń fi ìdí gbá bọ́ǹpù ní gbogbo àdúgbò, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jà.

Ibi tí rọ́bà ti ń gbé ọkọ̀ dìde ni pé ó ń dènà kí apá kan sípíríǹgì má lè ká mọ́. Ìyókù á máa dá ṣiṣẹ́ tí gbogbo rẹ̀ ń ṣe tẹ́lẹ̀, á sì le. Lójú ọ̀nà oko, ohun tá a fẹ́ ni kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kó sì tún lè fà sókè, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè máa kanlẹ̀. Rọ́bà gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ. Ibi tí rọ́bà ti fún irin mọ́ra náà ni ìnira máa ń pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni sípíríǹgì tó ti gbó máa ń ṣẹ́ sí. Nínú ẹrẹ̀, rọ́bà lè yọ̀ jáde láìsọ fún ọ, kí ọkọ̀ wá fì sápá kan.

Mo fi rọ́bà sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

* * *

Ẹnìkan láti Ìlobùú ní kí n má bẹnu àtẹ́ lu irin sípésà, ìyẹn irin tí wọ́n ń fi sórí ṣọ́ọ̀kì, pé òun ń lo tòun, ọkọ̀ òun ń lọ dáadáa. N ò tíì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ̀gbọ́n! Sípésà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn jẹ́ ni pé wọn ò mọ ìṣirò rẹ̀.

Lórí 4Runner, Prado, Lexus GX àti Hilux tó jáde láti 2005, ẹsẹ̀ iwájú ní ámù òkè àti ámù ìsàlẹ̀, ìyẹn àwọn apá irin tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ ṣásí. Ìdí ṣọ́ọ̀kì ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ibi tó sún mọ́ àárín ámù ìsàlẹ̀ ló wà. Nítorí náà, irin ínṣì 1 tó o bá fi sórí ṣọ́ọ̀kì, nǹkan bí ínṣì 2 ló máa jẹ́ lọ́dọ̀ táyà. Bí wẹ́dà bá wá gé irin ínṣì 2 fún ọ torí pé ínṣì 2 lo fẹ́, ínṣì 4 lo gbé lọ sílé yẹn, láìmọ̀. Lórí Highlander àti RAV4, ọ̀tọ̀ ni. Ṣọ́ọ̀kì tiwọn de mọ́ ẹsẹ̀ táyà tààrà, ínṣì 1 ń jẹ́ ínṣì 1, ó dín díẹ̀ ni. Ẹni tó ní Highlander tó ń gba oní 4Runner nímọ̀ràn, àwọn méjèèjì ò sọ̀rọ̀ kan náà.

Ohun tí n kò gbà ni irin tí wọ́n fi iná wẹ́dà lẹ̀ mọ́ orí ṣọ́ọ̀kì. Sípésà gidi, wọ́n gé e lẹ́rọ ni, bóòtì rẹ̀ le, ihò rẹ̀ bá ihò ọkọ̀ mu. Ti wẹ́dà, ojú ló fi wọ̀n ọ́n. Orí ibẹ̀ ni ìwúwo iwájú ọkọ̀ máa ń dà lé nígbàkígbà tó o bá wọ kòtò. Ẹ̀gbọ́n Ìlobùú, bí tiyín bá jẹ́ ti bóòtì, tí kò sì ju ínṣì 1 lọ, ẹ máa gbádùn rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ti iná wẹ́dà, ẹ lọ wo ojú ibi tí wọ́n jó pọ̀ kẹ́ ẹ tó tún gba ọ̀nà Ìkìrun lọ.

Ohun kan ṣì wà tí sípésà ò lè ṣe. Kì í sọ ohun tó gbó di tuntun.

* * *

Èyí ló gbé mi dé ibi tí mo ń lọ. Ọkọ̀ 2004 ti lé ní ogún ọdún. Bí wọn ò bá tíì pààrọ̀ sípíríǹgì rẹ̀ rí, ó ti wó. Má ka ínṣì kankan kó o tó wọ̀n ọ́n. Gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, fi téèpù wọn láti àárín rímù dé etí fẹ́ńdà lókè rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó o rí i pé apá ibi tí dírẹ́bà ń jókòó sí kéré sí èkejì. Àwọn Toyota yìí máa ń fì sápá ibẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní pé ọkọ̀ àwọn kúrú, sípíríǹgì tó ti rẹ̀ ni. Tuntun tó ga bíi ti ilé iṣẹ́ nìkan á ti dá apá kan gíga tó o ń wá padà fún ọ, owó rẹ̀ á sì kéré sí ti kíìtì.

Tó bá wá di kíìtì, ìwúwo ni kó o fi yan sípíríǹgì, kì í ṣe gíga. Àwọn ará Ọsirélíà ló mọ iṣẹ́ yìí dunjú: Old Man Emu tó jẹ́ ti ARB, Ironman 4x4, Dobinsons. Oríṣiríṣi sípíríǹgì ni wọ́n ń ṣe fún ọkọ̀ kan ṣoṣo, èyí fún ọkọ̀ tí kò gbé nǹkan kan, èyí fún èyí tó gbé irin bọ́ńpà àti wíǹṣì (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ jáde) síwájú, èyí fún èyí tí ẹrù kì í kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà lára sípíríǹgì lo máa fi mọ̀. Bí olùtajà bá ní “gbogbo 4Runner ló bá mu,” kí i pé ó dàbọ̀.

Ìwọ wo ara ẹ: kí ni ọkọ̀ rẹ ń gbé? Àpò kòkó kan ju 60 kg lọ. Àpò mẹ́rin lẹ́yìn ti kọjá 240 kg, láìtíì ka èèyàn. Àmọ́ ṣé ojoojúmọ́ ni? Ìgbà ìkórè nìkan ni. Bó o bá ra sípíríǹgì ẹrù wíwúwo torí oṣù díẹ̀ nínú ọdún, ìyókù ọdún ni ìgbáròkó rẹ á fi máa ka gbogbo kòtò láti Olá-Ìyá dé ilé. Sípíríǹgì ti àárín ni kó o rà sẹ́yìn. Tó bá di àsìkò kòkó, bàlúùnù afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fi sínú sípíríǹgì ẹ̀yìn wà, wàá fẹ́ ẹ nígbà tẹ́rù bá dé, wàá sì tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹrù bá sọ̀.

Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ gùn tó sípíríǹgì. Sípíríǹgì gíga pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì kúkúrú, ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá sọ̀ sínú kòtò ni wàá máa gbọ́ “gbà!” tí ṣọ́ọ̀kì bá dé òpin ara rẹ̀. Bilstein ti Jámánì ní ṣọ́ọ̀kì 5100 tó ní ojú ìlà lára, ibi tó o bá gbé òrùka ìdádúró sí ni iwájú ọkọ̀ máa ga dé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì mọ gíga tó fẹ́.

* * *

Ẹlòmíì fèsì láti ọ̀nà Iléṣà: ínṣì 4 lòun gbé sórí tòun, kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, kí n yéé dẹ́rù ba àwọn èèyàn.

Ó dáa. Ẹ bá mi wo táyà iwájú yín, ẹ fọwọ́ pa etí inú àti etí ìta, ẹ wò ó bóyá wọ́n jẹ dọ́gba. Ẹ yọjú wo rọ́bà tó bo jọ́ìntì ṣáàfù iwájú, ẹ wò ó bóyá gíríìsì ti ta sára rímù nínú. Ẹ dé bi 100 lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá sitiárìn ń dá padà fúnra rẹ̀ tẹ́ ẹ bá yà tán, àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń dá a padà.

Ìdí tí mo fi ń béèrè nìyí. Bí iwájú bá ṣe ń ga, ámù méjèèjì á máa kọjú sísàlẹ̀, ṣáàfù á máa dagun, rọ́bà rẹ̀ á máa ká mọ́ra títí á fi fà ya. Lẹ́yìn tí iyẹ̀pẹ̀ bá ti wọ jọ́ìntì, ẹ ti mọ ìyókù. Kásítọ̀, ìyẹn bí orí ẹsẹ̀ táyà ṣe tẹ̀ sẹ́yìn, á máa lọ sílẹ̀, òun ló sì ń mú kí sitiárìn padà sí àárín. Tó bá kọjá bí ínṣì 2 ààbọ̀, àyíká bóòtì aláíńmẹ́ǹtì kì í sábà tó mọ́, ámù òkè tuntun ni wọ́n máa ń fi dá a padà, àwọn míì a tún fi irin sọ dífáréńṣà iwájú kalẹ̀ kí ṣáàfù lè tọ́. Gbogbo ìyẹn kò sí nínú ìṣirò wẹ́dà. Ẹ̀yìn náà ní tirẹ̀. Irin àgbélébùú tó di ọ̀pá ẹ̀yìn (irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún mọ́ tòsì) mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa ń fa ọ̀pá náà yà sápá kan bí bọ́dì bá ga, táyà kan á wá yọ síta ju èkejì lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní 4Runner àtijọ́, ti 1996 sí 2002, ẹ tún ṣọ́ra jù wọ́n lọ. Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ wọn, èyí tó so ámù ìsàlẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ táyà, ni gbogbo ayé ń ké lé lórí. Tó bá já, táyà á wọ́ sábẹ́ fẹ́ńdà lójijì. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dárúkọ ínṣì kankan.

* * *

Ẹnìkan béèrè nípa Hilux (ẹ wò ó, òun ló dárúkọ rẹ̀, kì í ṣe èmi): sípíríǹgì bíléèdì lẹ́yìn, ṣé kí òun fi bíléèdì kan kún un?

Bí ẹrù bá ń gbé e lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún un, kì í ṣe bíléèdì ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n gé kúrú. Ìyẹn le ju ti Hilux lọ, àwọn bíléèdì tó bá a de pọ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì wo abẹ́ ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ Hilux àti Prado àtijọ́ ní fáàfù kan tí irin tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ẹrù bá tẹ ẹ̀yìn sílẹ̀, fáàfù yẹn á jẹ́ kí bírékì ẹ̀yìn le sí i. Bẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀yìn sókè láìtún irin yẹn ṣe, fáàfù á rò pé ọkọ̀ ṣófo títí ayé, bírékì ẹ̀yìn á sì dẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá gbé bíléèdì kún un láìmẹ́nu kan èyí, ẹ bi í léèrè.

* * *

Oníbéèrè ti padà dé. Ó ní fọ́ọ̀-wíìlì ni, 4L rẹ̀ ń wọlé. Ohun tó ń ha ilẹ̀? Pẹpẹ ìgbẹ́sẹ̀lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ló ti kọ́kọ́ wó, lẹ́yìn náà ni ike abẹ́ iwájú. Dífáréńṣà ní àpá díẹ̀, kò pọ̀. Láti àárín rímù dé fẹ́ńdà, apá dírẹ́bà fi ìdajì ínṣì kéré sí èkejì. Ó tún fi kún un pé ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀ náà ní páìpù tó so iwájú mọ́ ẹ̀yìn.

Ẹ kú àwárí! Páìpù yẹn ni X-REAS. Ṣọ́ọ̀kì iwájú ọ̀tún so mọ́ ti ẹ̀yìn òsì, tòsì iwájú so mọ́ ọ̀tún ẹ̀yìn, wọ́n jọ ń pín òróró. Kò ṣeé fi ṣọ́ọ̀kì tuntun sí iwájú nìkan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń yọ pọ̀ pẹ̀lú páìpù àti ìkòkò àárín rẹ̀. Ẹni tó bá ta ṣọ́ọ̀kì méjì fún ọ, owó ẹ ló fẹ́.

Pẹpẹ ìgbẹ́sẹ̀lé náà, yọ ọ́ tó o bá ń lọ oko. Kò sí ohun tó tún rẹlẹ̀ tó o lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ yẹn. Àmọ́ bó o bá yọ ọ́ tán tó o tún gbé ọkọ̀ sókè ní ínṣì 4, ìyá tó ró ìró tó wé gèlè lọ́jọ́ Sunday, báwo ló ṣe máa gun ọkọ̀? Mo ti rí ibi tí ìyá kan ti dúró lẹ́nu ọkọ̀ gíga, tó wo ọmọ ẹ̀ lókè-délẹ̀, tó sì lọ wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá. Ínṣì 2 ni kó o fi sí i, àbúrò.

* * *

Ó béèrè bóyá táyà ẹrẹ̀ oníhò gàgàrà ló máa rà. Rárá. Ọ̀dà ni wàá máa sá lé lọ́pọ̀ ìgbà láti Òkè-Fia dé Ìbòkun, irú táyà yẹn ń pariwo, kì í sì di ọ̀dà tútù mú dáadáa. All-terrain, ìyẹn táyà tó wà fún ọ̀dà àti ọ̀nà oko pọ̀, ni kó o rà, 265/70R17 tàbí 265/75R16 bí rímù rẹ bá ṣe wà. 285/70R17 á máa ha igun ibi tí bọ́dì ti de mọ́ ṣásí bó o bá yí sitiárìn tán, àfi kó o gé nǹkan. Mọ̀ pé mítà ìyára á máa purọ́ díẹ̀. Tó bá ka 100, o ti ń sá bíi 103.

Nínú ẹrẹ̀, tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ láti bíi 32 PSI sí bíi 20, kí táyà lè fẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń sọ pé kíìtì ló kù, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù ni. Ra ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀ kó o lè fẹ́ ẹ padà kó o tó bọ́ sójú ọ̀dà. Odò kékeré ojú ọ̀nà oko ńkọ́? Kíìtì kì í gbé ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnì ti ń mí ju bí bọ́dì ṣe ga lọ. Bí omi bá ti fẹ́ dé iná iwájú, padà sẹ́yìn.

* * *

Báyìí ni mo ṣe máa ná owó rẹ bó bá jẹ́ tèmi.

Lọ sọ́dọ̀ aláíńmẹ́ǹtì oníkọ̀ǹpútà kó o tó ra ohunkóhun, kó gbìyànjú láti yí bóòtì aláíńmẹ́ǹtì tó wà lára ámù ìsàlẹ̀ iwájú. Tókunbọ̀ tó ti gbé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ ní Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń da sójú títì níbẹ̀, ìpẹtà sì ti lè so bóòtì yẹn mọ́ irin inú búṣìn (rọ́bà tó wà ní ìdí ámù) di ọ̀kan. Bí kò bá yí, kò sí kíìtì tí wọ́n lè fi aláíńmẹ́ǹtì sí fún ọ, táyà tuntun á jẹ tán láàárín oṣù díẹ̀. Ẹlòmíì máa ń gé ámù náà kúrò. Owó yẹn gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó o bá wà níbẹ̀, fi òòlù kékeré kan ṣásí káàkiri, pàápàá lẹ́yìn. Bó bá ń dún bí ohun tó ti jẹrà, gbàgbé kíìtì, wá wẹ́dà gidi fún ṣásí ná.

Tí ìyẹn bá dáa, ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin àti sípíríǹgì mẹ́rin, ínṣì 2, ti ìwúwo àárín, pẹ̀lú sípésà tẹ́ẹ́rẹ́ kan fún apá dírẹ́bà tó ń fì. Pààrọ̀ búṣìn tó ti ya nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá wà nílẹ̀, torí owó iṣẹ́ kan náà ni. Kí wọ́n má fún bóòtì búṣìn pinpin nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ kí wọ́n tó fún un, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ búṣìn á máa lọ́ra, á tètè ya. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò ní sùúrù fún èyí. Dúró tì wọ́n. Kí họ́ọ̀sì bírékì má le gbandi nígbà tí ẹsẹ̀ bá sọ̀ tán. Aláíńmẹ́ǹtì lẹ́yìn náà, kó o sì gba ìwé tí kọ̀ǹpútà tẹ̀ jáde, kó o rí kásítọ̀ lójú ara rẹ. Táyà ló kẹ́yìn, tí owó bá kù. Dípò pẹpẹ ìgbẹ́sẹ̀lé, irin tó nípọn tí wọ́n fi bóòtì de mọ́ ṣásí ló dáa. Ó le gbé ọkọ̀ bó bá jókòó lórí òkè àárín ọ̀nà, ìyá náà á sì rí ibi fẹsẹ̀ lé.

Iná iwájú á ti máa wo ojú àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn. Kí réwáyà yí i wálẹ̀ kó o tó fi òru jáde.